Bí A Ṣe Ti Ọmọ Eléré Jí ní Jàpáànù

Ẹ̀yin ará Bàrígà, ẹ̀yin ará Ṣómólú, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú títì pé "Bàbá Làmídì, ṣé lóòótọ́ ni?", ó ti rẹ̀ mí láti máa dúró sínú oòrùn dáhùn ìbéèrè. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ síbí, mo sì ti gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì sá fún ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìṣe, olùkọ́ tí kò lé mi bá ni kí ẹ bá wí. Irọ́ ni ẹ ò ní rí níbẹ̀. Bí mo bá sì bù mọ́ ọn níbì kan, ẹ ó mọ̀, torí ibẹ̀ ni yóò dùn jù.

Kọ́kọ́rọ́ àpótí

Gbogbo yín lẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi, ní ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí etí ọ̀sà. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ládùúgbò wa, eṣinṣin nìkan ni oníbàárà mi. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní mẹkáníìkì tiwọn. Èmi á jókòó, màá nu sípánà tí kò dọ̀tí, màá dá a padà sínú àpótí, màá tún yọ ọ́ jáde.

Rísíkátù ọmọ mi kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì. Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ láràárọ̀, ẹ má retí kó máa kọrin ìyìn alùpùpù. Ọdún kẹta rèé tó ti ń wá bí yóò ṣe gba àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò gbọdọ̀ máa fi àyà gbé ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Adébísí fi pè mí láti Jàpáànù. Ọmọ olóògbé ọ̀rẹ́ mi ni, lẹ́yìn ilé wa níbí ni wọ́n bí i sí. Akoka ló ti kàwé ẹ̀rọ, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lọ́hùn-ún, tó ń bá àwọn tó ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin àgbà ò ní gbàgbé alùpùpù bàbá rẹ̀, aláwọ̀ búlúù àti funfun, tó ní sàlẹ́ńsà mẹ́rin, tí a ń pè ní Ọmọ Eléré. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe alùpùpù máa ń kọ́ ọ̀kan fún eré-ìje, tí kò ní iná, tí kò ní hóònù, tí kò mọ̀ ju kó sáré lọ. Nígbà tó bá ti na gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán, àwọn èèyàn á ní àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀ gùn lọ sọ́jà. Ilé iṣẹ́ á wá bí ọmọ fún un. Wọ́n á fún ọmọ náà ní iná iwájú, wọ́n á fún un ní hóònù àti nọ́ńbà ẹ̀yìn, kí ìjọba lè gbà á láyè lójú títì. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n mú jagunjagun kúrò lójú ogun, tí wọ́n wọ̀ ọ́ ní agbádá, tí wọ́n ní kó máa lọ kí àna rẹ̀. Agbádá ló wọ̀ lóòótọ́. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n.

Ọjọ́ kan tí bàbá Adébísí gun tirẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà wa, aṣọ tútù tí àwọn obìnrin sá sórí okùn gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi tọ́jú rẹ̀ láìsí ìwé atọ́nà kankan. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti kú, abẹ́ tápólì ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," Adébísí wí. "Ṣé ẹ ṣì rántí Ọmọ Eléré?"

"Ṣé èèyàn máa ń gbàgbé ohun tó ti bù ú jẹ ni?"

"Ìkejì rẹ̀ wà níbí o. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín. Wọ́n wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí alùpùpù eré-ìje gan-an tí wọ́n ti ara rẹ̀ bí i. Bàbá, kò jí. Gbogbo wa ti ṣe é tì."

"Gbogbo yín, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà?"

"Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, Bàbá."

Ẹ wo ẹnu mi bó ṣe là. Ó ṣàlàyé pé lọ́dọọdún, àwọn tó ni irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ máa ń gùn ún wọ àárín ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè. Èyí tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ̀lú. Èyí tí ọkọ̀ bá gbé wá, ẹ̀yìn okùn ni wọ́n ń gbé e sí fún àwọn èèyàn láti máa wò. Bàbá náà sì ti búra pé òun ò ní gbé ọmọ òun wá bí òkú. Adébísí ní àwọn ti san owó ọkọ̀ òfuurufú mi, kí n jọ̀ọ́ wá bá wọn jí i.

Rísíkátù gbọ́, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí yín sílẹ̀ fún mi. Bí alùpùpù yẹn bá jí, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Bí kò bá jí, ọjọ́ tí ẹ bá dé ni màá pe àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù."

"Rísíkátù, ṣé èmi ni mo bí ẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Bàbá. Ìdí tí orí mi fi le nìyẹn."

Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Nínú gbogbo irinṣẹ́ mi, etí mi nìkan ni mo mú lọ sí Jàpáànù.

Mo dé

Ti ọkọ̀ òfuurufú, mi ò ní sọ púpọ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo sùn, mo jí, mo tún sùn, a ò tíì dé. Oòrùn yọ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi láàárín oorun kan ṣoṣo.

Adébísí àti bàbá náà ló wá pàdé mi. Orúkọ bàbá ni Mórì. Wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ fi "sáàn" kún orúkọ ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún, nítorí náà Mórì-sáàn ni. Ó tinrín, ó dúró ṣánṣán, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Bó ti fojú kàn mí báyìí, ó tẹrí ba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo wo irun orí rẹ̀, mo ní èèwọ̀! Ṣé kí ẹni tó jù mí lọ máa tẹrí ba fún mi ni? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú wọn. Òun náà rí mi nílẹ̀, ó ní òun ò ní gbà, ó tún lọ sísàlẹ̀ sí i. Mo na apá mi jáde. Ó kúnlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ rò pé àrùn ló kì wá mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sáré ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn méjì dé.

Mo gbójú sókè láti ilẹ̀. "Adébísí, béèrè ọjọ́ orí wọn lọ́wọ́ wọn."

"Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, Bàbá."

"Sọ fún wọn pé àbúrò wọn ni mí, ọdún méjìlá gbáko. Kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde."

Adébísí túmọ̀ rẹ̀. Mórì-sáàn rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ sí mi láti fà mí dìde. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n, bí ewé tí afẹ́fẹ́ kò fi lọ́rùn sílẹ̀.

Ilẹ̀ àwọn onísùúrù

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí sùúrù láyé. A dé oríta kan, iná pupa tàn fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà ṣófo bí ikùn aláàwẹ̀, kò sí ọkọ̀, kò sí kẹ̀kẹ́, ewúrẹ́ pàápàá ò sí. Gbogbo wọn dúró. Èmi ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá arúgbó kan tó dúró jẹ́ẹ́, ojú tì mí, mo gbé ẹsẹ̀ mi padà.

Ilé ìyàgbẹ́ wọn ń gbóná lábẹ́ ìdí bí ẹní tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, omi á yọ, á ṣan yín mọ́ tónítóní. Mo ní ẹni tó ṣe èyí, Mùsùlùmí ni ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀, mo sì jáde pẹ̀lú ìmọ́tótó tí mi ò ní irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ.

Ohun kan dùn mí o, mi ò ní parọ́. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ni èèyàn máa ń jókòó sí kẹ́yìn. Adébísí ní kì í ṣe ìkórìíra, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé màá bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò sì ní mọ èsì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú ìjókòó o." Wọ́n á tẹrí ba. "Ẹ kú ìdúró o." Wọ́n á tẹrí ba. Nígbà tí a fi máa sọ̀ kalẹ̀, gbogbo inú ọkọ̀ ló ń mi orí bí agbo alángbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Adébísí rọra sọ sí mi létí. "Níbí, a kì í yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. A kì í pariwo, a kì í ké sí ẹni tí a ò mọ̀. Wọ́n ń pe yíyọ-ará-àdúgbò-lẹ́nu ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ilé Mórì-sáàn ni mo dé sí. Ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Màmá, gbé ẹja síwájú mi. Ẹja náà tutù, kò tíì fojú kan iná rí láyé rẹ̀.

"Adébísí, bá mi bẹ Màmá, kí wọ́n fi iná hàn án, bó ṣe ìṣẹ́jú kan."

Adébísí kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Màmá ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo pe Ọlọ́run, mo gbé e mì. Kí n má purọ́, ó dùn, ó yọ̀ lọ́fun bí ìgbà tí èèyàn gbé ọ̀rọ̀ dídùn mì. Ìrẹsì tí wọ́n fi ewé inú òkun dì bí ẹ̀kọ ni mo sì jẹ títí tí ewé fi tán nínú òkun.

Èmi náà mú ata gígún dání láti Bàrígà. Mórì-sáàn bu ṣíbí kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, díẹ̀díẹ̀!" Wọ́n ti gbé e sẹ́nu. Ojú wọn pupa, etí wọn pupa, omi jáde lójú wọn. Ó pẹ́. Wọ́n wá na abọ́ sí mi kí n bù sí i. Àtìgbà yẹn la ti di ọ̀rẹ́.

Òróró ẹ̀ẹ̀mejì

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo ti ṣìṣe, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín.

Mo bá Ọmọ Eléré nínú yàrá kan tó mọ́ ju ṣíbí tíì lọ. Ọ̀kan náà gẹ́lẹ́ ni pẹ̀lú ti ọ̀rẹ́ mi: búlúù, funfun, sàlẹ́ńsà mẹ́rin, méjì lábẹ́, méjì lábẹ́ ìjókòó. Mo fi ọwọ́ pa á lórí, mo kí i. Mórì-sáàn rí mi, wọ́n mi orí, torí àwọn náà máa ń kí i.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú kabúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí mo fọ̀ wọ́n, tí mo fẹnu fẹ́ ihò wọn. Mo ti ẹnu síkúrù-díráfà gígùn kan mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, mo fi ìdí rẹ̀ ti eyín mi, Adébísí ń yí i, mo ń gbọ́ ohun tó ń sọ nínú. Ara rẹ̀ le. Kò sí ohun tó ṣe é ju ìdákẹ́jẹ́ tó ti pẹ́ lọ. Mo sọ fún wọn pé lọ́la, ọjọ́ Sátidé, yóò jí.

Ọjọ́ Sátidé dé. Mo bu pẹtiróò sínú agolo, mo da ìdérí òróró ẹ́ńjìnnì mẹ́ta sí i, mo rò ó pọ̀, mo dà á sínú táǹkì. Bí a ṣe ń ṣe é ní Bàrígà nìyẹn, torí irú ẹ́ńjìnnì yìí, òróró àti pẹtiróò ló jọ ń mu.

Mo ta á lẹ́sẹ̀. Ó wúkọ́. Mo tún ta á. Èéfín funfun jáde láti ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bo yàrá, ó bo àgbàlá, àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi ṣí lọ sí ìlú kejì. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Mo yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, gbogbo wọn ló rẹ bí ọmọ tí òjò pa.

Bíi ti ilé, mo kó púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sórí iná ìdáná Màmá láti sun wọ́n gbẹ. Àfi bí ilé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀! Ẹ̀rọ kan lókè àjà ló gbóòórùn èéfín. Àwọn aládùúgbò jáde. Àwa la yọ wọ́n lẹ́nu, àwọn náà ló tún ń tẹrí ba.

Adébísí tẹ̀ wo inú alùpùpù náà, ó wò mí. "Bàbá, ṣé ẹ da òróró sínú pẹtiróò ni?"

"Kí ni kí n dà sí i, ọbẹ̀?"

"Bàbá, ó ní pọ́ǹpù òróró tirẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń fún ara rẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀. Pọ́ǹpù tó wà lára ti bàbá Adébísí ti bàjẹ́ láti ọdún àkọ́kọ́, a ò rí irú rẹ̀ rà ní gbogbo Èkó. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi fọwọ́ po òróró fún un, títí mo fi gbàgbé pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Mo ti fún ọmọ olóúnjẹ ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti yó kọjá ààlà.

Mo lọ bá Mórì-sáàn, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn bí wọ́n ṣe wo kàlẹ́ńdà lára ògiri. Ọ̀la ni wọn yóò wọ̀lú.

Ẹ bá wa tì í!

Ní ọjọ́ Àìkú, a da epo burúkú nù, a rọ tuntun, a fi púlọ́ọ̀gì gbígbẹ sí i. Mo ta á títí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi fi wú bíi gbágùúdá. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì mu epo sínú, títa ẹsẹ̀ kò lè mú un yí tó bó ṣe yẹ. Níta, à ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọjá lọ sí àárín ìlú. Mórì-sáàn ti wọ aṣọ awọ wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí, àṣíborí wà lórí itan wọn.

Fóònù Adébísí dún. Ìdájí ni nílé, Rísíkátù ń múra iṣẹ́. Ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kí n pe ọlọ́mọlanke?"

"Rísíkátù, má bínú, fún mi láyè."

Bẹ́ẹ̀ mo mọ ohun tó kù láti ṣe! Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ Sátidé. Ní Bàrígà, ìgbà wo la ta alùpùpù yẹn lẹ́sẹ̀ tó jí? A máa ń tì í ni. A ó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù, màá ké lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àdúgbò á jáde, apẹja, aláṣọ, ẹni tó ń lọ kírun, wọ́n á tì í ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí yóò fi dé etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní a kì í yọ ará ibí lẹ́nu. Kí n sì sọ òtítọ́ tó kù: mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ èmi nìkan ni yóò jí i, kí n lè wá fi yangàn fún yín.

Kí n má baà wo ojú Rísíkátù, mo bi Mórì-sáàn léèrè: "Ẹ̀gbọ́n, nínú ẹgbẹ́ eré-ìje yẹn, kí ni iṣẹ́ yín gan-an?"

Adébísí túmọ̀ rẹ̀. Bàbá wo ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n. Wọ́n dáhùn, ohùn Adébísí sì yí padà bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi.

"Wọ́n ní ti eré-ìje kò ní ibi tí wọ́n ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni àwọn máa ń tì í."

Mo dìde. "Adébísí, dé àṣíborí fún wọn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tì í ni yóò gùn ún lónìí."

A yí i jáde sójú ọ̀nà. Mórì-sáàn jókòó sí i, wọ́n fi sí jíà kejì, wọ́n di kíláàṣì mú. Èmi àti Adébísí fi èjìká tì í. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò dà gẹ̀rẹ́ bíi tiwa. A sáré tó ogún ẹsẹ̀, Bàbá tú kíláàṣì sílẹ̀, taya fi ariwo wọ́lẹ̀, ó dúró gbọn-in. Àwọn èèyàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń wò wá tìtìjú-tìtìjú, wọn ò fẹ́ dójú tì wá.

Mo ní, Làmídì, ìtìjú ta lo ń tì? Mo gbé ẹnu sókè, mo ké e bí mo ṣe ń ké e ní etí ọ̀sà:

"Ẹ bá wa tì í o! Ẹ̀yin èèyàn dáadáa, ẹ bá wa tì í!"

"Bàbá!" Adébísí fọwọ́ bojú.

"Mú ọwọ́ kúrò lójú, fi tì í!"

Lẹ́yìn náà, obìnrin kan gbé àpò ọjà rẹ̀ kalẹ̀, ó tò ó dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹrí ba, ó wá. Onígbàjámọ̀ kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lápò àyà. Ọlọ́pàá kan bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀. Ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù bíi ti ìsìnkú fi ìwé wọn sílẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dúró, ó tọrọ gááfárà lọ́wọ́ àwọn èrò rẹ̀, gbogbo wọn sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n tò sórí ìlà! Wọ́n tò lẹ́yìn alùpùpù, oníkálukú ń dúró kó kan òun láti tì.

"Rárá o!" mo kígbe. "Títì kì í ṣe ti ìlà! Ẹ rọ́ wá!"

Adébísí túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ti ń pa á. Wọ́n bá rọ́ wá. Mo kọ́ wọn: "Ẹ tì í!" Wọ́n dáhùn: "Ẹ tì í!" Ohùn wọn kéré lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí a dé ìwájú ilé kẹta, ohùn wọn ti di ti Bàrígà. Ẹ tì í! Ẹ tì í! Mo rí ọwọ́ tó ju ogún lọ lẹ́yìn Bàbá, ẹni tí kò rí alùpùpù dì mú ń ti ẹ̀yìn ẹni tó rí i dì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú u sílẹ̀!"

Ó dún!

Ha! Ẹ̀yin èèyàn mi! Kò dún bí ọ̀kadà. Ó ké bí ìgbà tí wọ́n ya odindi tápólì ọjà sí méjì. Sàlẹ́ńsà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu èéfín sí wa lójú, gbogbo wa ṣubú léra wa, nígbà tí a fi máa gbójú sókè, Mórì-sáàn ti lọ. Iná pupa kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí nígbẹ̀yìn, ní orígun òkè.

A ń jó. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, wọn ò padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ijó lọ sílẹ̀. Màmá jáde, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di aṣọ ìdáná wọn mú.

Rísíkátù ń kígbe nínú fóònù: "Bàbá, ẹ ti pa bàbá olóbàbá o! Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Ọwọ́ tó ń gbọ̀n! Bí wọ́n bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, kò sí Igbóbì níbẹ̀ o!"

Mo rántí ọwọ́ yẹn ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí ni kọ́kọ́rọ́ àpótí já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí?

Màmá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n gbé ìka sókè. Láti ẹ̀yìn òkè, ohùn kan ń bọ̀, tínrín bíi ti ẹ̀fọn, ó nípọn sí i, ó di ti oyin, ó di ti ẹkùn. Mórì-sáàn yọ, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ bíi ti eléré-ìje ẹni ogún ọdún, wọ́n rọra dúró síwájú wa, ẹ́ńjìnnì ṣì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ wọn. Mo wo ọwọ́ wọn. Kò gbọ̀n mọ́. Bóyá ó dáwọ́ dúró ni, bóyá ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ̀n jù ú lọ, èmi ò mọ̀.

Wọ́n ṣí ojú àṣíborí, wọ́n sọ gbólóhùn kan.

"Kí ni wọ́n wí?"

Adébísí ń nu ojú. "Wọ́n ní àwọn lọ fi hàn án bí òkè ṣe rí."

Bí Ọmọ Eléré ṣe wọ àárín ìlú lọ́jọ́ náà nìyẹn, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, gbogbo èrò bọ́ọ̀sì ń sáré tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá wa ló ń ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n bi Bàbá léèrè ta ló jí i, wọ́n tọ́ka sí gbogbo wa. Mo fẹ́ bínú. Inú mi kọ̀, kò bí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí ọ̀sà

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, Mórì-sáàn fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí kékeré kan fún mi. Pọ́ǹpù òróró ni. Wọ́n ní àwọn ti tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe alùpùpù náà, àwọn ò mọ ẹni tí àwọn ń tọ́jú rẹ̀ dè. Adébísí ní, "Bàbá, fún ti bàbá mi ni o." Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n tẹrí ba. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀ wá, wọn ò gbé kẹ̀kẹ́ wá.

Ẹnu ọ̀nà ilé ni Rísíkátù ti pàdé mi. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò aṣọ funfun rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó tún un ṣe kó jókòó dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ tápólì. Mo fi pọ́ǹpù sí i. Mi ò da òróró kankan sínú pẹtiróò, mo di ọwọ́ mi mú. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo yí Ọmọ Eléré jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sí i, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo yín jáde, ẹ ò lè sẹ́ èyí. Ìdí mi ò tíì gbóná tí Rísíkátù fi ti ibi iṣẹ́ dé.

"Bàbá! Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Mo ti jókòó."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, bóyá ó ti ń ka iye ibi tó lè ti ṣẹ́. Ó wo kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi. Ó wo gbogbo yín. Ó ní, "Ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá parí sí ni ẹ ó dúró. Ẹ búra."

Mo búra.

Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ sókè, ó bọ́ sẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ju ti gbogbo yín lọ: "Ẹ dúró ń wo kí ni? Ẹ bá wa tì í!"

Ẹ̀yin náà gbọ́ bó ṣe dún. Àwọn apẹja gbọ́ ọ lórí omi. Nígbà tí mo dúró létí ọ̀sà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe búra, Rísíkátù sáré dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, èéfín ti sọ aṣọ funfun rẹ̀ di dúdú, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ó tẹ̀ sí etí mi.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún wọn ní Igbóbì."

Mi ò sì sọ fún ẹnìkankan. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.